Ẹ̀yáwó Akẹ́kọ̀ọ́: Kí Ni Yóò Kù Lọ́wọ́ Òṣìṣẹ́ Ilé-Ìtura?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tó yá ẹgbàafà tí kò san án, ó bẹ́gi dí ẹgbèje. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá yá owó ìjọba gbọ́dọ̀ san án padà, kí àwọn àbúrò rẹ̀ náà lè rí i yá lọ́la. Èyí kò ní àríyànjiyàn nínú. Ohun tó yẹ kí a yẹ̀ wò ni bóyá iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ náà kọ́ lè san gbèsè tó fi kọ́ ọ, àti ohun tí yóò kù fún un láti jẹ nígbà tó bá ń san án.

Ọjọ́ 3, oṣù kẹrin, ọdún 2024 ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí òfin ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ tí àjọ NELFUND ń tẹ̀ lé. Àjọ náà ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ tààrà fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti ìjọba, ó sì ń fún akẹ́kọ̀ọ́ tó bá béèrè ní ₦20,000 lóṣooṣù fún oúnjẹ àti ìnáwó mìíràn. Owó náà kò ní èlé. Ní ọdún méjì lẹ́yìn tí ẹni náà bá parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀, bí ó bá ti rí iṣẹ́, agbanisíṣẹ́ rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí yọ ìdámẹ́wàá owó oṣù rẹ̀.

Ètò yìí yẹ fún ìyìn, nítorí ọ̀pọ̀ ọmọ tálákà ni ì bá ti jókòó sílé. Ṣùgbọ́n ìdámẹ́wàá owó oṣù òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ epo rọ̀bì kò rí bákan náà pẹ̀lú ìdámẹ́wàá owó oṣù òṣìṣẹ́ ilé-ìtura.

Ẹ wo ọmọ tó kọ́ nípa ìṣàkóso iṣẹ́ ìgbàlejò ní ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe. Yóò fi ọdún méjì gba ìwé-ẹ̀rí ND, yóò lọ kọ́ṣẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ fún ọdún kan, yóò sì tún fi ọdún méjì gba HND. Ó ti mọ bí a ṣe ń ṣírò iye tí oúnjẹ ná ilé-ìtura, ìmọ́tótó ilé-ìdáná, ìtọ́jú ọjà inú àká àti àkọsílẹ̀ owó. Síbẹ̀, nígbà tó bá ríṣẹ́, ìdí tábìlì ìgbàlejò tàbí ìdí àwo oúnjẹ ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó jáde ilé-ẹ̀kọ́ girama tó sì ti wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀ lè máa gba iye tí kò jìnnà sí tirẹ̀. Ọjọ́ tí àga ọ̀gá bá ṣófo ni ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ tó máa ń fọhùn. Gbèsè a máa tètè dé, ìgbéga a sì máa pẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò kékeré kan wò ó. Bí owó ilé-ẹ̀kọ́ bá jẹ́ ₦100,000 lọ́dún, ọdún mẹ́rin yóò di ₦400,000. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá tún gba ₦20,000 fún oṣù mẹ́wàá lọ́dọọdún, ìyẹn jẹ́ ₦800,000. Àpapọ̀ gbèsè di ₦1,200,000. Ẹni tó ń gba ₦250,000 lóṣù yóò san án tán ní ọdún mẹ́rin. Ẹni tó ń gba ₦100,000 yóò lo ọdún mẹ́wàá. Ẹni tó ń gba ₦70,000, tí í ṣe owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin là kalẹ̀ ní ọdún 2024, yóò lò ju ọdún 14 lọ. Òfin owó oṣù náà kò sì de ibi tí òṣìṣẹ́ kò bá ti pé 25, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ilé-ìtura kéékèèké ni òṣìṣẹ́ wọn kò tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan yóò sọ pé ẹni máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Wọn yóò ní gbèsè tí kò lélé, ní ilẹ̀ tí ọjà ti ń gbówó lórí lójoojúmọ́, ń fúyẹ́ sí i ni bí ọdún ti ń gorí ọdún. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n ọjà tó ń gbówó lórí yẹn náà ni òṣìṣẹ́ ń rà. Bí a bá yọ ₦7,000 nínú ₦70,000, ₦63,000 ni yóò kù. Òfin kan ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gba ohun tó dín sí ₦70,000. Òfin kejì sì tún na ọwọ́ sínú rẹ̀.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọmọ Yorùbá pọ̀ sí, ètò tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ní ọdún 2023 fi £25,000 lọ́dún ṣe ààlà. Ẹni tí owó rẹ̀ kò bá kọjá ibẹ̀ kò ní san nǹkan kan. Ẹni tó bá kọjá yóò san ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó lé. Gbèsè tiwọn ní èlé, ti Nàìjíríà kò ní. Níbi èyí, ti Nàìjíríà sàn jù. Ààlà yẹn ló yẹ kí àwọn aṣòfin Àbújá fi kún tiwọn, kí ó ga ju owó oṣù tó kéré jù lọ, kí ó sì máa gòkè bí ọjà bá ń gòkè.

Kí òfin tó yí padà, ó dára kí akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ìgbàlejò bi àwọn tó ṣáájú rẹ̀ léèrè iye tí wọ́n ń gbà ní ọdún kìíní, kì í ṣe iye tí ọ̀gá àgbà ilé-ìtura ńlá ń gbà. Ẹni tí òbí rẹ̀ bá lè bọ́ yá owó ilé-ẹ̀kọ́ nìkan. Gbèsè inú ìṣirò òkè yìí yóò dín sí ìdá kan nínú mẹ́ta. Ẹni tí kò bá ní olùrànlọ́wọ́ yóò gba owó oúnjẹ náà, kò sì jẹ̀bi, nítorí ebi kì í jẹ́ kí ẹ̀kọ́ wọlé. Òun gan-an ni òfin gbọdọ̀ rò, kí ó lè san ẹgbàafà láìfi ebi sùn.