Béèsì Tó Ń Mi Fèrèsé: Ẹ Yẹ Yàrá Wò Kí Ẹ Tó Bú Sípíkà

Owó àjọ tí ènìyàn fi oṣù mẹ́fà dá kì í ṣe owó àfiṣeré. Ìdí nìyí tó fi máa ń dun ìyá ọlọ́jà tàbí oníṣẹ́ ọwọ́ wọnú eegun, bó bá ra sípíkà ńlá méjì tí orin inú wọn ń dún gaara níwájú ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé bí wọ́n ti gbé wọn délé, kìkì gbìm! gbìm! ló kù. Ohun tí olórin ń wí kò yé ẹnikẹ́ni mọ́. Fèrèsé ń gbọ̀n, onílé ń kanlẹ̀kùn. Wọ́n á ní ayédèrú ni wọ́n tà fún àwọn. Ẹlòmíràn tilẹ̀ ń tà á ní ìdajì owó!

Ẹ dáwọ́ dúró ná. Ìta gbangba ni iwájú ṣọ́ọ̀bù, béèsì ríbi gbà lọ. Nínú yàrá, ògiri mẹ́rin há a mọ́, ó ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń gun ara rẹ̀ lórí. Yàrá tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12, tó tún fẹ̀ ní 12, burú púpọ̀ fún èyí. Ohùn tó bá ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 47 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ni irú yàrá bẹ́ẹ̀ máa ń gbé ga ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, inú ohùn ìsàlẹ̀ jìtá béèsì sì nìyẹn wà.

Igun yàrá ni ọ̀pọ̀ ń ti sípíkà sí kí bẹ́ẹ̀dì lè ráyè. Igun gan-an ni ọ̀tá! Ògiri méjì àti ilẹ̀ á pawọ́ pọ̀ dá béèsì padà, á wá di ràbàtà. Ẹ fà á kúrò níbẹ̀, kó jìnnà sí ògiri ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 2, bí àyè bá gbà. Bó bá ní ihò, tó ṣì ń bú, ẹ ki fóòmù díẹ̀ sẹ́nu ihò náà, béèsì á rọlẹ̀. Kápẹ́ẹ̀tì àti kọ́tìnnì ńkọ́? Ohùn tín-ín-rín ni wọ́n ń gbé mì, béèsì kò kà wọ́n sí.

Àwọn tó mọṣẹ́ náà máa ń ṣe ohun kan tó ń pa ará ilé lẹ́rìn-ín. Wọ́n á gbé sípíkà jókòó sórí àga bàbá ilé, wọ́n á fi orin sí i, wọ́n á wá máa rá kiri ilẹ̀ bí ọmọ ìkókó, wọ́n ń tẹ́tí. Ibi tí béèsì bá ti dún geere, ibẹ̀ ni wọ́n á gbé sípíkà lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín jàre! Àpàlà olóògbé Hárúnà Ìṣọ̀lá dára fún ìdánwò yìí nítorí agídìgbo inú rẹ̀. Bí ohùn agídìgbo kan bá ń pariwo ju àwọn yòókù, yàrá ló ń pariwo, kì í ṣe ẹni tó ń ta á.

Àwọn kan wà tí béèsì tiwọn kò tilẹ̀ dún rárá. Kí wọ́n yẹ wáyà wò: pupa sí pupa, dúdú sí dúdú. Bí ti sípíkà kan bá yí padà, ọ̀kan á máa ti afẹ́fẹ́, èkejì á máa fà á, wọ́n á sì jọ pa béèsì ara wọn. Kí wọ́n tún un so, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ pa iná ẹ̀rọ náà ná.