Aṣọ Tí Ó Yẹ Ọmọ àti Aṣọ Tí Ó Yẹ Kí Ọmọ Wọ̀

Òwe kan wà tí àwọn òbí, àwọn olùkọ́ àti àwọn olùṣọ́-àgùntàn máa ń fi pa ọmọ lẹ́nu mọ́ ní ọjọ́ ayẹyẹ: aṣọ ni a ń kí kí a tó kí ènìyàn. Bí ọ̀dọ́langba bá ti ní kóòtù náà há òun lápá, tàbí pé kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì ń há òun lọ́rùn, òwe yìí ni wọn yóò jù lù ú. Wọn kì í rántí èkejì rẹ̀, èyí tí ó ní aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá. Àwọn àgbà ni wọ́n fi òwe méjèèjì sílẹ̀. Ẹni tí ó bá mú ọ̀kan tí ó sì fi èkejì sílẹ̀ kì í ṣe àṣà ni ó ń kọ́ ọmọ; agbára ni ó ń lò.

Ìlú Dúálá, ní etí odò Wúrì ní orílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù, ni ibi tí ó dára jù láti yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò. Ìlú òjò àti ooru ni. Òjò tí ó ń rọ̀ níbẹ̀ lọ́dún lé ní 3,500 mílímítà, èyí tí ó ju ìlọ́po méjì òjò Ìbàdàn lọ, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ rẹ̀ kì í sì í jẹ́ kí òógùn tètè gbẹ lára. Síbẹ̀, aṣọ tí wọ́n ń kó ọmọkùnrin sí lọ sí ibi ìgbéyàwó, ìsìnkú tàbí gbígba ara Olúwa fún ìgbà àkọ́kọ́ ni kóòtù, wésíkóòtì àti ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí a fi táì fún lọ́rùn. Ti ọmọbìnrin ni gáùn tí ń dán, tí ó fún ní ìbàdí, tí a fi nẹ́ẹ̀tì líle sí lábẹ́. Púpọ̀ nínú àwọn aṣọ wọ̀nyí ni a fi polyester ṣe. Òwú a máa fa omi mu: nínú afẹ́fẹ́ tí ó wà ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, omi tí ó wà nínú òwú a máa tó nǹkan bí ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n rẹ̀, ti polyester kì í tó ìdá kan. Nítorí náà, ọmọ tí ó sọ pé aṣọ náà ń jẹ òun lára kò purọ́, kò sì gbéraga. Òun nìkan ni ó ń sọ òtítọ́ nínú gbọ̀ngàn tí gbogbo àgbà ti ń fi ìwé ètò ìsìn fẹ́ ara wọn.

Ẹ jẹ́ kí a bi èdè léèrè. Yorùbá kì í fi ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo sọ gbogbo ọ̀nà tí ara gbà ń gba aṣọ. A ń wọ bùbá, a ń ró ìró, a ń wé gèlè, a ń dé fìlà, a ń gba ọ̀já, a ń sán bàǹtẹ́, a ń fi aṣọ bora. Èdè Faransé tí àwọn ọmọ Dúálá ń kọ́ nílé-ìwé lè fi ọ̀rọ̀-ìṣe méjì péré, mettre àti porter, kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ sójú kan. Kì í ṣe pé èyí sọ Faransé di èdè tálákà. Ohun tí ó hàn níbẹ̀ ni pé aṣọ tí a ń ró, tí a ń wé, tí a sì ń fi bora, a lè tú u, kí a dẹ̀ ẹ́, kí a tún un ró. Ara ni ó ń pàṣẹ fún irú aṣọ bẹ́ẹ̀. Kóòtù kò rí bẹ́ẹ̀: bí wọ́n ṣe rán an ni yóò wà, ara ni yóò sì jìyà rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí ó ṣe pàtàkì jù nínú àríyànjiyàn yìí ni yẹ. Nínú gbólóhùn “Aṣọ náà yẹ ọmọ,” aṣọ ni olùwà, ọmọ ni àbọ̀. Aṣọ ni iṣẹ́ wà lọ́rùn rẹ̀. Nínú “Ó yẹ kí ọmọ wọ aṣọ náà,” ọmọ ti di olùwà nínú gbólóhùn tí a fi há inú òmíràn, ọ̀ranyàn sì ti wọlé. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, iṣẹ́ tí ó ń ṣe kò dọ́gba. Ìjà tí ó máa ń bẹ́ sílẹ̀ nínú ilé ní àárọ̀ Sátidé kò ju èyí lọ, pé àgbà gbé yẹ kejì sí ipò yẹ àkọ́kọ́. Òwe gèlè sì ti dá ẹjọ́ náà tipẹ́: gèlè kò dùn bí ká mọ̀ ọ́n wé, ká mọ̀ ọ́n wé kò sì tó kí ó yẹni. Kí aṣọ yẹni ni ó borí níní in, òun náà ni ó borí mímọ̀ ọ́n lò. Aṣọ tí ó fún ọmọ lọ́rùn kò lè yẹ ẹ́, ohun yòówù tí ìyá rẹ̀ ì báà san lé e.

Àwọn tí ó ń sọ pé ọmọ tí kò fẹ́ kóòtù ti kẹ̀yìn sí ọ̀làjú kò mọ ìtàn ìlú tí wọ́n ń gbé. Ní 1845 ni Alfred Saker, míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dé etí odò Wúrì. Ohun tí wọ́n máa ń sọ ní Dúálá ni pé láti ọwọ́ àwọn míṣọ́nnárì ni kaba ti wá, ìyẹn gáùn gbàgẹ̀rẹ̀ tí ó bo obìnrin láti èjìká dé kókósẹ̀. Orúkọ náà kò ṣàjèjì sí etí Yorùbá, nítorí Yorùbá náà ń pe gáùn obìnrin ní kaba, àwọn Kirió ní Sàró sì ní kabaslọ́ọ̀tì tiwọn. Ọ̀rọ̀ náà ti rin etí òkun yìí já. Ète àwọn tí ó mú un wá kò fara sin: kí ara obìnrin má hàn. Àwọn obìnrin Dúálá gba aṣọ náà, ṣùgbọ́n wọn kò gbà á bí wọ́n ṣe gbé e fún wọn. Wọ́n fi òwú aláràbarà rán an, wọ́n kó o jọ sókè àyà, wọ́n sì jẹ́ kí ó fẹ̀ débi tí atẹ́gùn fi ń ráyè kọjá nínú rẹ̀. Èyí ni a ń pè ní kaba ngondo lónìí, aṣọ iyì fún ọdún Ngondo tí àwọn Sawa ń ṣe ní oṣù Kejìlá ní etí Wúrì, ọdún tí UNESCO kọ sínú àkójọ àjogúnbá àṣà ọmọ aráyé ní 2024. Àwọn ọkùnrin ń ró sandja tiwọn, wọ́n ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun sí i. Kò sí ẹni tí yóò sọ níbẹ̀ pé ìjòyè tí ó ró aṣọ mọ́dìí kò múra. Ó hàn gbangba nígbà náà pé ìlú yìí ti fi ìgbà kan rí gba aṣọ àjèjì, tí ó sì tún un ṣe títí ó fi rọ ara lọ́rùn. Kí ni ó wá dé tí a fi ń kọ irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ọdún mẹ́rìnlá?

Bí ẹnìkan bá rò pé ọ̀rọ̀ obìnrin àti ìjòyè nìkan ni èyí, kí ó yí ojú sí bọ́ọ̀lù. Ní 2002, ní ilẹ̀ Mali, àwọn Kìnnìún Kamẹrúùnù wọ aṣọ tí kò lápá tí iléeṣẹ́ Puma rán fún wọn, aṣọ náà ni wọ́n sì wọ̀ gba ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà. FIFA kò gbà á fún wọn ní ìdíje àgbáyé ọdún náà. Wọ́n ní láti fi apá dúdú sí i. Ní 2004, ní Tùnísíà, wọ́n tún wọ èyí tí ẹ̀wù àti ṣòkòtò rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan. FIFA bu owó ìtanràn lé wọn, ó sì yọ máàkì mẹ́fà nínú ti ìdíje láti kópa nínú ife-ẹ̀yẹ àgbáyé 2006, kí ó tó dá máàkì náà padà lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn. Inú bí àwọn ará Kamẹrúùnù púpọ̀ nígbà náà, pé àwọn olóyè tí ó jókòó sínú ọ́fíìsì ń pàṣẹ bí aṣọ yóò ṣe lẹ̀ mọ́ ara ẹni tí ń sáré nínú ooru. Ó ṣeni láàánú pé irú bàbá bẹ́ẹ̀, bí ó bá dé ilé rẹ̀, òun náà a di FIFA.

Àwọn ajàfún-àṣà ní ìdáhùn tiwọn. Wọ́n ní kí a sọ kóòtù nù, kí a wọ ọmọ ní aṣọ ìbílẹ̀, ọ̀rọ̀ parí. Kò parí. Agbádá aṣọ-òkè wúwo. Léèsì tí a fi ń ṣe aṣọ ẹbí, tí ó ti di ti Yorùbá, púpọ̀ nínú rẹ̀ ni ó ti Austria àti Switzerland wá, ó sì máa ń họ ọrùn ọmọ bí ewé èsìsì. Toghu dúdú tí a fi òwú olówùúrù kọ iṣẹ́ sí lára, òkè Bamenda tí ó tutù ni ilé rẹ̀. Ẹni tí ó bá gbé e wọ ọmọ ní Dúálá ní ọ̀sán gangan ti fi orúkọ àṣà ṣe ohun tí ẹlòmíràn fi orúkọ ọ̀làjú ṣe. Ara ọmọ kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ìnira òyìnbó àti ìnira ìbílẹ̀. Àwọn ọmọ kan sì wà, pàápàá àwọn tí ó ní ọ́tísìmù, tí ojú ìrán aṣọ tàbí àmì kékeré tí wọ́n rán mọ́ ẹ̀yìn ọrùn lè dí lọ́wọ́ láti gbọ́ ohunkóhun mìíràn. Ìwà ìkà ni láti pe ìyẹn ní oríkunkun.

Ẹ̀yìn èyí kọ́ ni kí a wá sọ pé kí ọmọ máa wọ síńgílẹ́ẹ̀tì lọ sí ìsìnkú ìyá àgbà. Àwọn tí ó ń sọ bẹ́ẹ̀ rò pé ojú àánú ni àwọn fi ń wo ọmọ, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń fi dù ú. Mímúra jẹ́ ọ̀nà ìkíni. Kò sí olùkọ́ èdè tí yóò jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi “o” bá àgbàlagbà sọ̀rọ̀ níbi tí “ẹ” ti yẹ, nítorí pé “o” rọ̀ ọ́ lẹ́nu jù. Ṣùgbọ́n kò sí olùkọ́ tí ó mọṣẹ́ tí yóò fún akẹ́kọ̀ọ́ lọ́rùn kí ó tó pe “ẹ.” Ohun tí ọmọ ní láti mọ̀ ni pé òkú ẹbí yàtọ̀ sí pápá bọ́ọ̀lù, pé àwọn tí wọ́n ń ṣọ̀fọ̀ yóò rí i, wọn yóò sì mọ̀ bóyá ó ka ọjọ́ náà sí. Òwú tí ó mọ́, tí a lọ̀, tí ó ní kọ́là rírọ̀, sọ èyí tán.

Ewu tí ó wà níbẹ̀ kan àwọn olùkọ́ èdè ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Faransé ni èdè ìgboro àti ilé-ìwé ní Dúálá; àwọn ọ̀dọ́ sì ti fi Faransé, Gẹ̀ẹ́sì, pijin àti èdè ìbílẹ̀ po èdè tiwọn tí wọ́n ń pè ní camfranglais. Fún ọ̀pọ̀ ọmọ, ibi ìgbéyàwó, ìsìnkú àti ìpàdé ẹbí ni ibi tí wọ́n ti kù tí wọ́n lè gbọ́ bí àgbà ṣe ń fi Dúálá, Básà tàbí Yorùbá rojọ́, bẹ̀bẹ̀, kí oríkì, kí ó sì fi òwe jà. Ọmọ tí aṣọ ti sọ irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ di ọjọ́ ìyà yóò wá àwáwí, yóò ní orí ń fọ́ òun, ní ọdún mélòó kan yóò sì tó ẹni tí kì í lọ mọ́. A ó wá jókòó sí àpérò, a ó máa bèèrè ìdí tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń pa èdè baba wọn tì.

Ọ̀nà àbáyọ kò sì wọ́n. Iléeṣẹ́ CICAM, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1965, ti sọ òwú títẹ̀ di aṣọ ojoojúmọ́ ní Kamẹrúùnù, kò sì sí àdúgbò Dúálá tí kò ní télọ̀. Kí a fọ aṣọ náà lẹ́ẹ̀mejì kí a tó gé e, kí ó lè sún kí ó sì rọ̀. Bùbá tí ó balẹ̀ díẹ̀ àti ṣòkòtò tí a fi rọ́bà sí ní ìbàdí yóò gbé ọmọkùnrin dé ibikíbi, àti ọmọbìnrin tí kò fẹ́ gáùn pẹ̀lú. Èyí tí kò fẹ́ ohun tí ń fún un ní ìbàdí, kaba ti wà nílẹ̀ fún un. Kò sì sí ẹ̀gàn nínú ṣẹ́ẹ̀tì òwú láti inú òkìríkà New Bell, tí ìfọ̀ ti sọ di rírọ̀ kí ó tó dé ọwọ́ ọmọ. Kí ó wọ̀ ọ́ nílé fún wákàtí mélòó kan ṣáájú ọjọ́ náà, kí ó bẹ̀rẹ̀, kí ó jókòó, kí ó jẹun nínú rẹ̀. Bí télọ̀ bá sì bèèrè bí ọrùn aṣọ yóò ṣe fẹ̀ tó, kí ìyá dákẹ́. Ọmọ ni kí ó dáhùn, kí ó sì fi èdè ilé rẹ̀ dáhùn bí ó bá gbọ́ ọ.