Bàbà Ò Ní Tán Láyé, Ṣùgbọ́n Ta Ló Ń San Owó Rẹ̀?

Ẹ fiyè sí àmì ohùn o: bàbà ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí, kì í ṣe bàbá. Bàbà ni irin pupa tó wà nínú wáyà iná, nínú fóònù, àti nínú ẹ̀rọ ìfọṣọ yín.

Láàárín àwa tá à ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í tán lẹ́nu: "Bàbà máa tó tán láyé." Mo ti gbọ́ ọ níbi iṣẹ́, mo sì ti gbọ́ ọ níbi ìsọmọlórúkọ. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀.

Lọ́dún 1972, ìwé kan tó ń jẹ́ The Limits to Growth to iye bàbà tí ayé mọ̀ nígbà náà sílẹ̀: nǹkan bíi mílíọ̀nù 308 tọ́ọ̀nù. Tí wọ́n bá ń wà á bí wọ́n ṣe ń wà á lọ́dún yẹn, ọdún 36 ló máa lò. Ìyẹn já sí 2008. Ọdún 2008 dé, ó sì kọjá. Lónìí, ayé ń wa bàbà tó lé ní mílíọ̀nù 20 tọ́ọ̀nù lọ́dọọdún, síbẹ̀ iye tí wọ́n kà pé ó kù nílẹ̀ ti di nǹkan bíi bílíọ̀nù kan tọ́ọ̀nù.

Báwo ni ohun tá à ń lò ṣe ń pọ̀ sí i? Ẹ wò ó, iye yẹn kì í ṣe gbogbo bàbà inú ilẹ̀. Èyí tí wọ́n ti rí, tó sì máa mówó wọlé tí wọ́n bá wà á lónìí, nìkan ni wọ́n kà. Ó dà bí ẹni tó wo iṣu inú àká rẹ̀, tó wá ní oṣù mẹ́ta ló kù kí iṣu tán láyé. Àgbẹ̀ ṣì ń kọ ebè!

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí: bàbà tó rọrùn láti wà ló ń tán. Ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, tọ́ọ̀nù òkúta kan ní Amẹ́ríkà lè mú kílò 20 bàbà jáde. Lónìí, ní ọ̀pọ̀ ibi ìwakùsà, kò tó kílò 10. Òkúta tí wọ́n máa fọ́ ti pọ̀ sí i, omi àti iná tí wọ́n máa lò ti pọ̀ sí i, ìdọ̀tí tí wọ́n máa fi sílẹ̀ náà ti pọ̀ sí i. Lóṣù kejì ọdún 2025, ògiri adágún ìdọ̀tí ibi ìwakùsà bàbà kan ya lẹ́bàá Chambishi, ní Zambia. Ásíìdì ṣàn wọ omi tó ń lọ sí odò Kafue, ẹja kú, wọ́n sì ti omi ẹ̀rọ pa ní ìlú Kitwe. Ìyẹn náà wà lára owó bàbà, àmọ́ kì í hàn nínú rìsíìtì tí wọ́n ń fún wa ní ṣọ́ọ̀bù.

Kí wá ni ká ṣe? Bàbà kì í jó dànù bí epo mọ́tò. Ẹ rántí ìbòjú Ọbalùfọ̀n ti Ifẹ̀. Bàbà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ògidì ni wọ́n fi dà á, ó sì ti lé ní ọdún 500. Ká má rí i o, ṣùgbọ́n tí èèyàn bá yọ́ ọ lónìí, ó ṣeé fà ní wáyà. Èyí túmọ̀ sí pé ọ̀pọ̀ bàbà tí wọ́n ti wà ṣì wà lọ́wọ́ wa, nínú ilé wa.

Èmi náà ní tèmi. Nínú dúrọ́ọ̀ mi níbí ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣájà 11 àti fóònù mẹ́ta tó ti kú ni mo kà. Tẹ́lẹ̀, ṣe ni mò ń kó irú wọn mọ́ aṣọ sínú àgbá ránṣẹ́ sí Èkó, mo ní "wọ́n á rí i lò." Ìgbà tí mo délé, mo dé Alábà. Àwọn ọmọkùnrin kan ń dáná sun wáyà kí wọ́n lè yọ bàbà inú rẹ̀, èéfín dúdú bo ojú wọn. Ọ̀kan sáré wá bá mi: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ní wáyà?" Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Mo ti ń fún un ní wáyà láti ọdún mélòó kan.

Nítorí náà, ohun tí mo rò nìyí. Tòkunbọ̀ tó ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹ fi ránṣẹ́ sílé. Èyí tó ti kú, ẹ gbé e lọ síbi tí ìjọba ìbílẹ̀ yín ti ń gba ẹ̀rọ àlòkù, níbi tí wọ́n ti lè yọ bàbà inú rẹ̀ láìsun ún. Ẹ̀yin tá a jọ ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ kàn wá jù. Gbogbo ìgbà tá a bá kọ èyí tí kò ní ṣiṣẹ́ mọ́ lórí fóònù ọlọ́dún mẹ́rin, bàbà là ń sọ nù. Mo ti ṣe é rí, ọ̀gá mi sì yìn mí.

Ẹ ṣí dúrọ́ọ̀ yín lónìí, ẹ ka ohun tó wà níbẹ̀. Ó dìgbà kan ná o.