Ta Ló Ni Iyanrìn Etí Òkun Eleko?

Ọ̀nà ńlá tí ìjọba àpapọ̀ ń là gba etí òkun láti Èkó lọ sí Calabar, Eleko ni ìpín àkọ́kọ́ rẹ̀ parí sí. Òpópónà Ahmadu Bello ní Victoria Island ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, ìpín náà sì lé ní kìlómítà 47. Oṣù Kẹta ọdún 2024 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó di ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2025, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ṣí kìlómítà 30 nínú rẹ̀. Ariwo ti pọ̀ lórí ọ̀nà yìí: iye owó tí wọ́n ń ná sí i, ilé tí wọ́n wó, àwọn oníṣòwò etíkun Landmark tí ọjà wọn bàjẹ́ lọ́dún 2024. A kò fẹ́ dá kún ariwo yẹn. Ẹni tí kò sẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀ nínú gbogbo rẹ̀ ni a fẹ́ gbẹnu sọ fún, ìyẹn mẹ̀kúnnù tó fẹ́ mú ọmọ rẹ̀ lọ wo òkun, kó jẹ ẹja díẹ̀, kó sì padà sílé láì jẹ gbèsè.

Ó lè dà bí ọ̀rọ̀ fàájì lójú ẹlòmíràn. Wọ́n á ní nígbà tí gaàrí ti di ohun tí à ń fi ojú wò lọ́jà, ta ló tún ń sọ̀rọ̀ òkun wíwò? Àwa kò rí i bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin òǹkàwé wa tí ẹ wà lóko àti ní ìlú kéékèèké mọ̀ pé bí àgbàlagbà bá lọ kí ọmọ rẹ̀ ní Èkó, ohun tí àwọn ará ilé máa ń kọ́kọ́ bi í nígbà tó bá dé ni pé, ṣé ó rí òkun?

Láyé ọjọ́un, ìdáhùn rẹ̀ kò le. Bar Beach wà ní Victoria Island, owó ọkọ̀ nìkan ni ènìyàn sì nílò. Ibẹ̀ ni àwọn aláṣọ funfun ti ń gbàdúrà, ibẹ̀ ni àwọn ọmọdé ti ń gun ẹṣin. Ibẹ̀ náà ni ìjọba ológun ti ń yìnbọn pa àwọn adigunjalè lẹ́yìn ogun abẹ́lé, tí èrò ń wọ́ lọ wòran, èyí tí a kò bẹ Ọlọ́run pé kó padà wá. Bar Beach yẹn kò sí mọ́. Òkun ń jẹ títì, wọ́n bá kó iyanrìn dí i, ìlú tuntun tí wọ́n ń pè ní Eko Atlantic ló sì wà níbẹ̀ báyìí. Oṣù Kejì ọdún 2013 ni Ààrẹ Goodluck Jonathan àti Bill Clinton, ààrẹ Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀ rí, wá ṣe ayẹyẹ lórí iyanrìn náà. A kò sọ pé kí wọ́n jẹ́ kí omi gbé Victoria Island lọ. Ṣùgbọ́n a kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni bèèrè níjọ́ náà pé níbo ni àwọn tó ń lọ sí Bar Beach yóò máa lọ.

Ńṣe ni wọ́n ń sún síwájú: Oniru, Elegushi, Ajah, títí dé Eleko. Ibi tí wọ́n sún dé, géètì ti wà níbẹ̀. Ẹ ó san owó kí ẹ tó wọlé, ẹ ó san owó ibi tí ẹ gbé ọkọ̀ sí, ẹ ó san owó àga àti àtíbàbà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan á tún yọ sí yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi pé ọmọ onílẹ̀ ni òun. Ibòmíràn wà tí wọn kì í jẹ́ kí ènìyàn gbé oúnjẹ wọlé. Ìyá tó jí láàárọ̀ kùtù dáná ìrẹsì fún ọmọ márùn-ún, wọ́n á ní kó gbé kúlà rẹ̀ padà, kó wá ra ti inú ọgbà. Kí ni ìyá náà fẹ́ fi owó rẹ̀ rà lẹ́ẹ̀kan sí i?

Àwọn ẹbí tó ni ilẹ̀ ní àwíjàre tiwọn. Wọ́n ní àwọn ló ń gbá ilẹ̀, àwọn ló ń lé ìpáǹle, ìjọba kò sì fún àwọn ní kọ́bọ̀. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ẹni tó pa àtíbàbà, kó gba owó àtíbàbà. Ẹni tó kọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó mọ́ tónítóní, owó rẹ̀ tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n iyanrìn tí omi òkun ń fọ̀ tọ̀sán-tòru, ta ló gbé e wá síbẹ̀?

Ìjọba àpapọ̀ fúnra rẹ̀ ti dáhùn. Nígbà tí àríyànjiyàn ọ̀nà yìí gbóná, mínísítà iṣẹ́ òde, David Umahi, sọ pé mítà 250 láti etí òkun wá sórí ilẹ̀, ti ìjọba àpapọ̀ ni. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ní Èkó ló gbà fún un. Ó dáa, ẹ jẹ́ kí a gbà á bó ṣe wí i. Bí mítà 250 bá jẹ́ ti ìjọba lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ wó ilé, ti ìjọba ni yóò ṣì jẹ́ lọ́jọ́ tí ìyá àgbà kan láti Ìkirè bá ká ìró rẹ̀ dé orúnkún, tó fẹ́ fi ẹsẹ̀ kan omi.

Èyí kì í ṣe ohun àjèjì láyé. Ní Brazil, níbi tí wọ́n kó àwọn ẹ̀yà wa lọ lẹ́rú, òfin kan tó jáde lọ́dún 1988 sọ pé ohun ìní gbogbo ará ìlú ni etí òkun, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ dí ọ̀nà ibẹ̀. Ọjọ́ kejì oṣù Kejì lọ́dọọdún, ogunlọ́gọ̀ ènìyàn máa ń gbé ẹ̀bùn Yemọja wá sí etí omi ní Salvador, ìlú Bahia, tálákà àti olówó lórí iyanrìn kan náà. Àwa tí a ni Yemọja wá ń san owó géètì.

Ní báyìí ná, ẹni tó bá fẹ́ wo Eleko pẹ̀lú owó kékeré ṣì lè rí ọgbọ́n dá sí i. Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú àti Oǹdó, kò pọn dandan kí ẹ wọ inú sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ Èkó. Ẹ gba Ìjẹ̀bú-Òde wá sí Ẹ̀pẹ́, kí ẹ wọ ọkọ̀ tó ń lọ sí Ajah, kí ẹ sì ní kó já yín sí oríta Eleko. Ẹni tó wà nínú Èkó, Ajah ni kó kọ́kọ́ dé, kó wá wọ ọkọ̀ Ẹ̀pẹ́. Ẹ ná owó kẹ̀kẹ́ tó ń wọ etíkun kí ẹ tó jókòó sínú rẹ̀. Ní Ẹ̀pẹ́, ẹ yà sí ọjà Olúwo, nítorí ẹja ọ̀sà pọ̀ níbẹ̀ ju ohun tí ojú lè wò tán. Ní ti oúnjẹ, ẹ fi ibi tí wọ́n to àga aláràbarà sí sílẹ̀, kí ẹ wá ibi tí àwọn awakọ̀ ti ń jẹun. Awakọ̀ kì í jẹun níbi tó wọ́n, kì í sì í jẹun níbi tí kò dùn. Ẹ ó rí ẹ̀bà, ẹ ó rí ọbẹ̀ ẹja tútù. Bí ẹ bá ń padà gba Lekki lọ, ilé iṣẹ́ ọnà Nike Okundaye wà lójú ọ̀nà, àwòrán àti aṣọ àdìrẹ kún inú rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dókè, wọn kì í sì í gba owó ìwọlé.

Ẹ jọ̀ọ́, òkun Eleko kì í ṣe omi tí ọmọdé ń wẹ̀. Ìgbì rẹ̀ le, omi abẹ́ rẹ̀ sì ń fa ènìyàn lọ. Ẹ rántí Kuramo, níbi tí ìgbì òkun ti gbé ènìyàn lọ ní oṣù Kẹjọ ọdún 2012. Ó yẹ kí ẹni tó bá ń gba owó géètì ní òmùwẹ̀ tí yóò máa ṣọ́ omi. Bí kò bá ní in, kí ló ń gba owó lé lórí?

Ohun tí à ń bẹ̀rù ni pé ilẹ̀ náà ń tán lọ. Láti ọdún 2023 tí ibùdókọ̀ ojú omi Lekki àti ilé ìfọpo Dangote ti ṣí, ilẹ̀ agbègbè Ibeju-Lekki ti di wúrà. A sì mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí tálákà lórí ilẹ̀ tó bá di wúrà. Oṣù Keje ọdún 1990 ni ìjọba ológun Ràájì Ràṣákì lé àwọn ará Maroko kúrò nílé wọn, nǹkan bí 300,000 ènìyàn, ilé àwọn olówó ló sì hù síbẹ̀.

Nítorí náà, à ń rọ ìjọba àpapọ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó àti ìjọba ìbílẹ̀ Ibeju-Lekki pé kí wọ́n jókòó pọ̀ báyìí, kí ọ̀nà yìí tó parí. Ní gbogbo kìlómítà márùn-ún, kí wọ́n ṣí ọ̀nà ẹsẹ̀ kan sílẹ̀ tí yóò dé etí omi, kí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti omi mímu wà níbẹ̀, kí òmùwẹ̀ méjì máa ṣọ́ omi. Kí wọ́n pa àtíbàbà fún àwọn obìnrin Eleko tó ń yan ẹja, ní iye tí wọ́n lè san. Eleko ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ìpín àkọ́kọ́ parí sí. Kí wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà sára pátákó, ní èdè Yorùbá, pé ọ̀fẹ́ ni ọ̀nà yìí.