Ọ̀ṣọ́ Ayédèrú Lára Ọkọ̀

Àwọn àgbà ní ọbẹ̀ tí ó dùn, owó ni ó pa á. Òwe yìí ni ó ń sọ sí mi lọ́kàn nígbà tí mo bá dé ọjà Ládípọ̀ ní Mushin, ní Èkó, tí mo sì rí àwọn tí ń ra bọ́ńpà ayédèrú nítorí pé owó rẹ̀ kéré, kí ọkọ̀ àtijọ́ wọn lè fi ojú jọ tuntun.

Ọ̀ṣọ́ kò burú. Ọ̀ṣọ́ tí kò bá ara mu ni ó burú. Bọ́ńpà ayédèrú kì í sábà bá ihò bóòtù ara ọkọ̀ ṣe déédéé. Oníṣẹ́ yóò wá lu ihò mìíràn, ibẹ̀ yóò sì dógùn-ún. Òmíràn tilẹ̀ ń gé irin tí ó wà lẹ́yìn bọ́ńpà dànù, kí ayédèrú lè ráyè jókòó. Bẹ́ẹ̀ ni irin náà ni ó ń gba agbára ìkọlù nígbà tí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan. Ta ni yóò fi ẹ̀mí ra ẹwà?

Èrò tèmi ni pé ohun tí a kò lè dè mọ́ ọkọ̀ láìgé ọkọ̀ kì í ṣe ti ọkọ̀ náà. Ẹ̀yin tí yóò ní ọkọ̀ lọ́la, ẹ kọ́kọ́ dè é wò kí ẹ tó kùn ún ní ọ̀dà. Bí kò bá bá a mu, ẹ dá a padà, kí ẹ fi owó rẹ̀ tún bíréèkì ṣe. Aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá. Bọ́ńpà tuntun kọ́ ni ọkọ̀ tuntun.