Bí Oníṣẹ́ Bá Pẹ́ Lọ́nà, Ṣé Òṣùwọ̀n Ni Kí A Gé?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a ó fi tọmọ jẹ́ ẹ. Àwọn baba ńlá wa tí wọ́n ń fi àrokò ránṣẹ́ mọ̀ pé iṣẹ́ tí ó bá pẹ́ jù lọ́nà lè di asán kí ó tó dé. Èyí ni ó mú kí àríyànjiyàn tí ó wáyé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí ìfìwéránṣẹ́ jẹ wá lógún.

Ní oṣù Keje, ọdún 2025, Ofcom, àjọ tí ń ṣòfin fún iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ níbẹ̀, gba Royal Mail láàyè láti má ṣe pín lẹ́tà onípò kejì ní ọjọ́ Sátidé mọ́; bí wọ́n bá pín in lónìí, wọn a fo ọ̀la. Tẹ́lẹ̀, ìdá 93 nínú 100 lẹ́tà onípò kìíní ni ó gbọ́dọ̀ dé ní ọjọ́ kejì. Ofcom dín in kù sí 90. Ti onípò kejì, tí ó gbọ́dọ̀ dé láàárín ọjọ́ mẹ́ta, sọ̀kalẹ̀ láti 98.5 sí 95.

A gbà pé àwọn tí ó fara mọ́ àyípadà yìí ní àwíjàre. Nǹkan bí bílíọ̀nù 20 ni lẹ́tà ọdún 2004/05. Ní 2023/24, kò ju bílíọ̀nù 6.6 lọ. Ẹrù tí ó ti fúyẹ́ kò nílò alábàárù púpọ̀.

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí á fi ojú olùkọ́ wò ó. Ní 2024/25, ìdá 77 péré nínú lẹ́tà onípò kìíní ni ó dé lásìkò. Ofcom bu ìtanràn mílíọ̀nù 21 pọ́n-ùn lé Royal Mail ní oṣù Kẹwàá, 2025. Ọdún kẹta léraléra sì nìyẹn tí ilé-iṣẹ́ náà kùnà. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fìdí rẹmi nígbà mẹ́ta, ǹjẹ́ a máa ń torí rẹ̀ dín máàkì àṣeyege kù?

Ta ni yóò jìyà rẹ̀? Kì í ṣe ọ̀dọ́ tí íntánẹ́ẹ̀tì wà lọ́wọ́ rẹ̀ bí kò ṣe arúgbó tí ń retí lẹ́tà ilé-ìwòsàn. Bí ìwé tí dókítà fi pè é bá dé lẹ́yìn ọjọ́ tí ó dá fún un, kí ni ìwúlò rẹ̀?

Èrò tiwa ni pé kí wọ́n dín ọjọ́ pínpín kù bí iye lẹ́tà bá ti béèrè fún un, ṣùgbọ́n kí ìlérí tí wọ́n bá ṣe fún aráàlú dúró ṣinṣin. Ẹ̀yin olùkọ́ ọ̀la, ẹ fi èyí kọ́gbọ́n: ẹ lè dín iṣẹ́ kù, ẹ má ṣe gé òṣùwọ̀n.