Ọ̀RỌ̀ INÚ ILÉ: Kí Ni Kí A Gbìn Sí Ẹ̀yìnkùlé Wa?

Láàrin àwọn ìwé tí ó tẹ̀ wá lọ́wọ́, ọ̀kan wá láti ọ̀dọ̀ ìyá ọlọ́mọ kan ní Ìbàdàn, a sì rò pé ìdáhùn rẹ̀ yóò wúlò fún ọ̀pọ̀ ilé. Òun àti ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó sí ilé àyágbé kan, tí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 30 ní gígùn àti 16 ní fífẹ̀. Òun ń fẹ́ ẹ̀fọ́. Baálé rẹ̀ ń fẹ́ òdòdó, nítorí pé ojú a máa tì í bí àlejò bá dé tí ó sì bá ilẹ̀ lásán. Kànga kan ṣoṣo ni wọ́n ní, ìdílé mẹ́ta ni ó sì ń pọn ín. Ní ìsàlẹ̀ ìwé náà ni ó ti fi kún un, bí ẹni pé kò tó nǹkan, pé làpálàpá ni a fi ṣe ọgbà yí ilé náà ká, pé lẹ́fun-lósùn dáradára kan wà lẹ́nu ọ̀nà, àti pé ọmọ òun ọkùnrin, ọmọ ọdún méjì, kì í rí nǹkan nílẹ̀ kí ó má fi í sẹ́nu.

Arábìnrin wa bèèrè ohun tí òun yóò gbìn. Ohun tí yóò hú ni àwa yóò kọ́kọ́ sọ fún un.

Òtítọ́ ni pé làpálàpá dára fún ọgbà, nítorí pé ewúrẹ́ kì í jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ewúrẹ́ yẹra fún, ọmọdé kò mọ̀ pé ó yẹ kí òun yẹra fún un. Hóró rẹ̀ dùn lẹ́nu bí ẹ̀pà, àwọn ọmọdé a sì máa ṣà á jẹ. Hóró díẹ̀ tó láti mú èébì àti ìgbẹ́ gbuuru wá, èyí tí í gbẹ omi ara ọmọ kékeré kíákíá. Làrà burú jù ú lọ: hóró rẹ̀ alámì tótòtó, tí ó lẹ́wà bí ìlẹ̀kẹ̀, lè pa ènìyàn bí a bá fi eyín rún un. Bẹ́ẹ̀ náà ni igi tí a ń pè ní olómi-òjò, tí ewé rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, tí òdòdó rẹ̀ ní àwọ̀ ìyeyè, tí oje rẹ̀ sì funfun bí wàrà. Gbogbo ara igi náà ni ó ní májèlé tí ń da lílù ọkàn rú. Àwọn kan sì ń gbìn ín sí iwájú ilé nítorí ẹwà rẹ̀!

Ní ti lẹ́fun-lósùn, orúkọ rẹ̀ ti sọ bí ewé rẹ̀ ti rí, funfun bí ẹfun, pupa bí osùn. Nínú ewé náà ni àwọn ohun tín-ín-tìn-ín wà, mímú bí abẹ́rẹ́, tí ojú wa kò lè rí. Bí ọmọ bá jẹ ẹ́, wọn a gún un ní ahọ́n àti ọ̀fun, ẹnu a sì wú.

A kò wí pé kí gbogbo ayé gé àwọn igi wọ̀nyí lulẹ̀. Ilé tí àwọn ọmọ ti dàgbà lè dá wọn sí. Ṣùgbọ́n níbi tí ọmọ ọdún méjì wà, kí a gbé lẹ́fun-lósùn kúrò lónìí, kí a sì bá onílé sọ̀rọ̀ nípa làpálàpá. Bí onílé bá kọ̀, kí arábìnrin wa máa já èso rẹ̀ dànù kí ó tó gbó. Bí ọmọ bá sì ti jẹ nínú wọn, ẹ má ṣe fi ipá mú un bì, ẹ má sì ṣe da epo pupa sí i lọ́fun, nítorí pé epo náà lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá, kí ẹ sì mú ewé tàbí hóró náà dání kí oníṣègùn lè rí i.

Nísinsìnyí ó ku ọ̀rọ̀ omi. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, láti oṣù Kọkànlá títí wọ oṣù Kẹta, ilẹ̀ ẹ̀fọ́ ní ìhà tiwa ń fẹ́ ìwọ̀n lítà 5 omi lójúmọ́ fún mítà kan níbùú lóròó. Bí a bá gbin gbogbo ẹ̀yìnkùlé yìí, garawa 11 tí ó gba lítà 20 ni a óò máa pọn lójoojúmọ́. Ta ni yóò pọn ọ́n, nínú kànga ìdílé mẹ́ta? Nítorí náà, ebè pẹrẹsẹ mẹ́ta péré ni a gbà á nímọ̀ràn, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 10 ní gígùn àti 3 ní fífẹ̀. Ebè kan kò ní mu tó garawa kan lóòjọ́, ọwọ́ yóò sì tó àárín rẹ̀ láti ìhà méjèèjì láìjẹ́ pé a tẹ ilẹ̀ náà mọ́lẹ̀.

Lórí àwọn ebè wọ̀nyí, kí ó gbin ewédú, tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ yọ̀kọ̀tọ̀. Ewédú ni kí ó kọ́kọ́ gbà á lọ́kàn, nítorí pé ìtakùn àti igi kò jẹ́ ẹni tí ó ń rọ kíákíá tó o bí ó bá ti ọjà dé. Èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́yìn ilé kò ní ẹlẹ́gbẹ́. Ṣùgbọ́n hóró rẹ̀ le lára. Bí a bá kàn fọ́n ọn, díẹ̀ ni yóò hù. Kí a dì í sínú aṣọ, kí a tì í bọ inú omi tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná, kí a ka ení dé àrún, kí a yọ ọ́, kí a fi omi tútù ṣàn án, kí a sì sá a. Hóró tẹ̀tẹ̀ kéré púpọ̀, nítorí náà kí a pò ó mọ́ iyanrìn gbígbẹ kí a tó fọ́n ọn, kí ó má baà hù jọ sójú kan. Láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin a ti lè fà á. Imí adìẹ dára fún gbogbo wọn, ṣùgbọ́n kí ó ti jẹrà dáadáa, nítorí pé tútù rẹ̀ a máa jó gbòǹgbò.

Igi ewúro méjì ní igun ilẹ̀ tó fún ilé kan. Ẹ̀ka rẹ̀ ni a ń gbìn, kò sì bẹ̀rù ọ̀dá. Gbúre yóò ṣe dáadáa níbi tí òjìji wà. Ata wẹ́wẹ́ díẹ̀ dára, nítorí pé a máa so ju ọdún kan lọ. Tòmátì ni a kò fẹ́ kí ó náwó lé lórí ní àkókò òjò: àrùn ewé àti rírọ a máa pa á ní ilẹ̀ wa olómi, èyí tí a sì ń jẹ jù lọ, láti Òkè Ọya ni ó ti ń wá. Efinrin náà yẹ lẹ́yìn ilé, fún ọbẹ̀; ẹni tí ó bá gbìn ín sí ojú fèrèsé kí ẹ̀fọn má baà wọlé, kí ó má ṣe ta àpò ẹ̀fọn rẹ̀.

Kí ni ti baálé ilé, tí ó fẹ́ òdòdó? Kò sí ìjà níbẹ̀. Òdòdó ilá, aláwọ̀ ìyeyè tí inú rẹ̀ pọ́n dòdò, jẹ́ ìbátan hibiscus tí àwọn ọlọ́rọ̀ ń gbìn sí iwájú ilé. Ìbátan wọn náà ni ìṣápá, tí yóò tanná bí òjò bá ń parí lọ bí a bá gbìn ín ní oṣù Kẹfà tàbí Keje. Àní ṣọkọ yọ̀kọ̀tọ̀ fúnra rẹ̀, òdòdó lásán ni wọ́n ń fi í ṣe ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Àwa tí a ń jẹ ẹ́ ni a fún un ní orúkọ tí ó ń gbèjà ọkọ! Kí a gbìn ín sí etí ọ̀nà iwájú ilé, kí a máa gé orí àwọn yòókù sínú ìkòkò, kí a sì dá méjì tí ó dára jù sí kí wọ́n tanná. Bí ó bá sì wù ú kí ó ra òdòdó gidi, ixora tàbí ìdò kò ní pa ọmọ rẹ̀ lára.

Nígbà tí orí òdòdó ṣọkọ méjì náà bá gbẹ, kí a gbọ̀n wọ́n sínú igbá. Hóró dúdú dídán tí ó bá jáde ni kí a tọ́jú sínú ìgò gbígbẹ fún òjò ọdún tí ń bọ̀. Kí arábìnrin wa má ṣe gbàgbé láti kọ̀wé sí wa nípa èsì tí onílé bá fún un lórí làpálàpá náà.